Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ran àwọn ọmọ tó ń kiri ọjà lọ́wọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mọ̀mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀ ni, mo sì ń bá wọn ta oògùn nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Agbowó. Ìgbàkígbà tí mo bá gba Bódìjà kọjá, ọkàn mi kì í balẹ̀ bí mo bá rí àwọn ọmọdé tó ń kiri píọ̀ wọ́tà àti ata lásìkò tí ẹgbẹ́ wọn wà ní kíláàsì. Mo fẹ́ dá fáńdéṣọ̀n sílẹ̀ fún wọn. Mo ti ní orúkọ, ọ̀rẹ́ mi sì ti bá mi ya àmì rẹ̀. Ṣùgbọ́n màámi ní kí n kọ́kọ́ wá ohun tí n óò jẹ ná. Níbi tí mo ti ṣe àgùnbánirọ̀, a kun ilé ìwé kan lọ́dà, a ya fọ́tò, a sì bá tiwa lọ. Mi ò fẹ́ kí èyí náà rí bẹ́ẹ̀. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé ohun tí ẹnì kan ṣoṣo bá ṣe tiẹ̀ lè tún ayé ṣe?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o káre. Lẹ́tà rẹ dùn mọ́ mi, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gba Bódìjà kọjá tí ojú wọn kì í rí ohun tí ojú rẹ rí. N kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ fún ọ. Má tíì dá fáńdéṣọ̀n sílẹ̀. Wá àwọn tó ti ń kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìwé kíkà, kí o fún wọn ní wákàtí méjì lọ́sẹ̀, lọ́jọ́ kan náà, ní aago kan náà, fún odidi ọdún kan. Bí ọdún bá pé, tí o ṣì ń rí àlàfo tí ẹnikẹ́ni kò dí, ìgbà náà ló tó láti máa sọ̀rọ̀ orúkọ àti àmì.

Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe bọ̀ nílùú Ìbàdàn láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn: kíkó àwọn tó fẹ́ yọ̀ǹda ara wọn jọ, kí wọ́n lè kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà. Mo ti rí ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlù àti fèrè tí kò pé ọdún tó fi tú ká. Àwọn tó dá wọn sílẹ̀ fẹ́ràn ọmọ dénú. Wàhálà ọ́fíìsì ló gba agbára wọn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Bí o bá fẹ́ forúkọ fáńdéṣọ̀n sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, Apá F nínú CAMA, òfin ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ti 2020, ni yóò darí rẹ. O máa yan àwọn tí yóò jẹ́ alámòójútó, o máa kọ òfin ẹgbẹ́, o máa kéde nínú ìwé ìròyìn méjì, o sì máa dúró fún ọjọ́ 28 bóyá ẹnì kan ní ohun tó fẹ́ tako. Bí ìwé ẹ̀rí bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́ tán, iṣẹ́ kò tíì parí. Lọ́dọọdún, láàárín ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà sí ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, o gbọ́dọ̀ fi ìròyìn ọdún náà ránṣẹ́ sí wọn. Àwọn SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń ṣọ́ àwọn tó ń fi ẹgbẹ́ àti òwò bo owó ìwà ọ̀daràn mọ́lẹ̀, náà ń retí rẹ. Gbogbo rẹ̀ ló yẹ bẹ́ẹ̀, torí owó olówó kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ná láìjíhìn. Ṣùgbọ́n bí o ti ń sáré káàkiri yìí, ọmọ tó gbé omi lérí ní Bódìjà kò tíì dá lẹ́tà kan mọ̀ yàtọ̀ sí ìkejì.

Ní ti màmá rẹ, má bá a jiyàn. Ohun tí ìyá ń bẹ̀rù ni pé kí ọmọ òun má lọ fi owó oṣù òun ra ìwé àti bàtà fún ọmọ ẹlòmíràn, kó wá máa yá owó ọkọ̀ lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ tọ́. Nítorí náà, sọ fún un pé àkókò ni o fẹ́ fún wọn, pé kò sí owó níbẹ̀ ju owó Máíkírà àlọ àti àbọ̀ lọ, kí o sì mú ọ̀rọ̀ náà ṣẹ. Èyí tó tún ṣe pàtàkì ni pé ọwọ́ tó bá ń pín owó fún ọmọ lọ́jà, owó náà ni wọn yóò máa retí. Lọ́jọ́ tí o kò bá mú un wá, wọn ò ní jókòó tì ọ́. Nígbà tí àwọn bàbá wa bá pe ọ̀wẹ̀ láti bá ẹnì kan mọlé tàbí ro oko, ẹni tó pe ọ̀wẹ̀ a se oúnjẹ, ẹni tó wá a gbé ọkọ́ tirẹ̀ wá. Agbára apá ni wọ́n ń kó wá síbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń bi ẹnikẹ́ni pé èló ló wà lápò rẹ̀.

Wàyí o, ta ni àwọn ọmọ tí o ń rí wọ̀nyí? Ibí ló yẹ ká dúró sí díẹ̀, torí ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n, ohun tí kò bá wọn mu ni yóò gbé wá fún wọn. UNICEF sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 10.5 ọmọ ọdún 5 sí 14 ni kò sí ní ilé ìwé ní Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí o bá jókòó ti àwọn ọmọ Bódìjà, wàá rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn lórúkọ ní ilé ìwé. Òmíràn ń lọ ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, á wá bá ìyá rẹ̀ tajà ní ọjọ́ méjì tó kù. Òmíràn ń gbé lọ́dọ̀ ìyáàfin kan tó mú un wá láti abúlé, ìyáàfin yẹn ló sì ń pinnu bí ọjọ́ rẹ̀ ṣe máa rí. Bí o bá dé Ṣáṣá tàbí Sábó, Haúsá ni èdè ilé òmíràn. Kì í ṣe oògùn kan náà ni gbogbo wọn máa lò, ìwọ tó ń ta oògùn ni kò sì yẹ kí n sọ ìyẹn fún.

Owó ilé ìwé nìkan kọ́ ló ń dí wọn lọ́wọ́. Ní 2019 ni ìjọba Ọ̀yọ́ wọ́gi lé 3,000 náírà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama ìjọba ń san, síbẹ̀ àwọn ọmọ ṣì wà lọ́jà. Wíwà ní kíláàsì náà kò sì túmọ̀ sí pé ọmọ mọ̀wé kà. UNICEF kan náà sọ pé mẹ́ta nínú mẹ́rin ọmọ ọdún 7 sí 14 ní orílẹ̀-èdè yìí ni kò lè ka gbólóhùn kékeré tàbí yanjú ìṣirò tó rọrùn. Mo ti bá ọmọ Pírámárì 5 pàdé tó lè da gbogbo ohun tó wà lójú pátákó kọ sínú ìwé rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á gún régé, ṣùgbọ́n bí o bá ní kó ka ohun tó kọ, yóò máa wo ojú rẹ ni.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni ohun tó kéré jù tí olùyọ̀ǹda ara-ẹni lè ṣe tí èso rẹ̀ máa pẹ́ jù, ìdáhùn mi kò tíì yí padà: kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà. Ọmọ tó bá ti mọ̀ ọ́n kà, bí wọ́n tilẹ̀ yọ ọ́ kúrò ní ilé ìwé lọ́la, kò sí ẹni tó lè gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Má béèrè kíláàsì tí ọmọ wà, má sì fi ọjọ́ orí pín wọn. Mú bébà kan. Kọ lẹ́tà mélòó kan sí i, gàdàgbà-gàdàgbà: a, b, e, ẹ, o, ọ, gb, ṣ. Ní ẹ̀yìn bébà náà, kọ ọ̀rọ̀ kéékèèké bí ilé, omi, ajá, ọ̀bẹ. Mú bébà kejì, kọ gbólóhùn méjì tó rọrùn, kí o sì kọ ìtàn kúkúrú sí ẹ̀yìn rẹ̀, nǹkan bí ìlà mẹ́jọ. Jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà, má kọjú sí i bí adájọ́. Ibi tó bá ti dúró ni ibi tí ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún 7 tàbí ọmọ ọdún 13. Àwọn tó dúró sí lẹ́tà á jókòó pọ̀, àwọn tó dúró sí ọ̀rọ̀ á jókòó pọ̀. Ìlànà yìí gan-an ni ẹgbẹ́ Pratham, tó bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn aláìní ìlú Mumbai ní 1995, fi kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Íńdíà, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tí kò gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ló sì pọ̀ nínú àwọn tó bá wọn ṣe é. Abhijit Banerjee àti Esther Duflo, tí wọ́n wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní 2019, fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ iṣẹ́ náà wò.

Ṣọ́ra fún ọmọ tó mọ ìwé sórí. Ọmọkùnrin kan jókòó tì mí lábẹ́ búkà kan, ó ka ojú ewé ìwé aláwòrán kan gbuurugbu bí ẹni ń kéwì. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo àwòrán, mo ní kó fi ìka kan "ajá" hàn mí láàárín ìlà kẹta. Ìka rẹ̀ lọ síbí, ó lọ sọ́hùn-ún, ó wá dúró lórí "ata". Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, ó sì ti há a. Orí ọmọ náà pé gan-an: bí o bá ra omi mẹ́fà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣéńjì rẹ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí o tó rò ó tán. A fi orí yẹn ṣe àtẹ̀gùn. Ó kọ orúkọ àwọn ohun tó ń tà, lẹ́yìn náà orúkọ àwọn oníbàárà rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ìwé gbèsè yẹn ni ìwé àkọ́kọ́ tó kà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Èdè tí ọmọ ń sọ nílé ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn òbí kan yóò ní Gẹ̀ẹ́sì làwọn fẹ́, má sì fi ìyẹn bínú sí wọn, wọ́n fẹ́ kí ọmọ wọn là. Ṣàlàyé fún wọn pé ọmọ tó bá mọ bí lẹ́tà ṣe ń di ọ̀rọ̀ ní Yorùbá yóò gbé ọgbọ́n yẹn lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ọlọ́dún mẹ́fà ní 1970, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ láti Pírámárì 1 dé 6, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Fún àwọn ọmọ Sábó, wá ọ̀dọ́ kan tó gbọ́ Haúsá dáadáa kó jẹ́ ìkejì rẹ.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń le jù ni ọ̀rọ̀ àkókò. Ní agbègbè Jaunpur ní Íńdíà, àwọn ọ̀dọ́ yọ̀ǹda ara wọn, wọ́n kọ́ àwọn ọmọ abúlé ní ìwé kíkà, àwọn ọmọ tó wá sì mọ̀ ọ́n kà sí i. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni àwọn tó wá. Ohun kan náà ni wàá rí ní Ìbàdàn bí o bá háyà gbọ̀ngàn kan ní Mọ́kọ́lá, tí o wá ń retí kí ọmọ tó ń tajà ní Bódìjà wá bá ọ níbẹ̀. Inú ọjà ni kí o lọ. Bí o bá sì dé ọ̀dọ̀ ìyá ọmọ, ohun àkọ́kọ́ tí yóò bi ọ́ ni pé, "Ṣé ẹ ó bá mi ta á ni?" Ìbéèrè gidi ni. Bí ọmọ bá jókòó fún wákàtí kan, ọjà wákàtí kan ti lọ nìyẹn, ọjà yẹn sì ni gààrí alẹ́. Bi í ní aago tí ọjà máa ń dá. Òun ló mọ̀ ọ́n ju ìwọ àti èmi lọ. Àwọn kan yóò ní lọ́sàn-án gangan tí oòrùn bá mú, àwọn kan yóò ní kí o wá bí àwọn bá ti ń palẹ̀ mọ́. Aago tó bá dá fún ọ ni kí o mú. Kí o tó dé ọ̀dọ̀ ìyá kankan sì rèé, lọ kí ìyálọ́jà. Kúnlẹ̀ dáadáa, sọ ohun tí o fẹ́ ṣe, dárúkọ ẹni tó lè jẹ́rìí rẹ. Ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu ìyálọ́jà máa ṣe ju pátákó ìkéde mẹ́wàá lọ, òun náà ló sì máa fi ibi tí ẹ lè tẹ́ ẹní sí hàn yín.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, n óò sọ ọ́ bó ṣe wà lọ́kàn mi. Olùyọ̀ǹda á wá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, á wá lọ́sẹ̀ kejì, òjò á rọ̀ lọ́sẹ̀ kẹta, kò ní wá. Ọ̀sẹ̀ kẹrin á bọ́ sí òde ìgbéyàwó. Ọmọ á jókòó sórí ẹní, á gbé ìwé rẹ̀ lé itan, á máa wo ọ̀nà. Ẹni tí kò wá lè rò pé kò sí ohun tó bàjẹ́, ó ṣe tán òun kì í gba owó oṣù. Àmọ́ ọmọ yìí ti rí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ṣèlérí fún un tí kò padà wá, ìwọ sì ti dara pọ̀ mọ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní wákàtí méjì, tí n kò ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Má ṣèlérí ju ohun tí o lè mú ṣẹ nínú oṣù tí iṣẹ́ rẹ bá le jù. Kí ẹ jẹ́ méjì lórí ẹní kan, kí ẹnì kan lè wà níbẹ̀ bí èkejì bá ń ṣàìsàn. Gba nọ́ńbà ẹnì kan tó ń tajà nítòsí, kí o lè pè é bí ohun kan bá dá ọ dúró lójijì. Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí ilé ìwé tí ẹ kùn lọ́dà nìyẹn: ọjọ́ kan ni ẹ lò níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń retí yín lọ́jọ́ kejì.

Lórí ààbò ọmọ, n kò gba àwáwí. Ojúde gbangba ni ẹ máa jókòó, níbi tí àwọn ìyá ti lè máa wò yín. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ mú ọmọ lọ sí yàrá tàbí sí ilé rẹ̀. Má ya ojú ọmọ gbé sórí Facebook, bí ìyá rẹ̀ tilẹ̀ ní kò burú, torí ọmọ yẹn yóò dàgbà, àwòrán náà yóò ṣì wà níbẹ̀. Bí o bá rí àpá lára ọmọ, tàbí o gbọ́ ohun tó ń kọ ọ́ lóminú, má dá a dì mọ́ra. Àwọn òṣìṣẹ́ ìdàgbàsókè àwùjọ wà ní ìjọba ìbílẹ̀, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé sì ti wà láti 2003. Iṣẹ́ wọn ni, jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Nítorí ààbò kan náà ni n kì í fi gba àwọn ọ̀dọ́ níyànjú láti máa kó lọ sí ilé ọmọ òrukàn lọ́jọ́ ọdún, kí wọ́n gbé ọmọ mọ́ra fún wákàtí kan kí wọ́n sì lọ. Ọmọ tí àjèjì ń gbé tó ń sọ kalẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kì í mọ ẹni tó yẹ kó fọkàn tán mọ́.

Bí iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù kò bá jẹ́ kí o ráàyè rárá ní oṣù kan, ohun mìíràn wà tí kò gbà ju òwúrọ̀ kan lọ. Lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní ibi ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn UCH. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà, ọwọ́ mọ̀lẹ́bí aláìsàn tí wọ́n sáré pè ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Bí o bá ti pé ọdún 18, tí o wọn kílò 50 ó kéré tán, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ sì pé, nǹkan bíi mílílítà 450 ni wọn yóò gbà, obìnrin sì lè tún fi sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Ẹ̀jẹ̀ kò ṣeé tọ́jú pẹ́, nǹkan bí ọjọ́ 35 ni púpọ̀ rẹ̀ ń lò nínú ẹ̀rọ amóhun-tutù, nítorí náà ẹni tó ń wá léraléra ni ilé ìwòsàn ń wá ju ẹni tó wá lẹ́ẹ̀kan lọ.

O bi mí bóyá ohun tí ẹnì kan bá ṣe lè tún ayé ṣe. Wákàtí méjì rẹ kò ní kó gbogbo ọmọ kúrò lọ́jà. Iṣẹ́ ìjọba ni ìyẹn, a ò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìjọba gbàgbé. Ìlú Ìbàdàn yìí ni olú-ìlú Ìwọ̀ Oòrùn nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìíní 1955, iye ọmọ tó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà sì lé ní 800,000. Kò sí olùyọ̀ǹda tó lè ṣe irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́rin lórí ẹní kan lè bọ́ láti orí lẹ́tà dé orí ìtàn kúkúrú láàárín ọdún kan, mo ti rí i, ó sì ti ṣẹlẹ̀ lójú mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Fún ọmọ mẹ́rin yẹn, ayé ti yàtọ̀. Ọmọdébìnrin kan ka àkọlé ara ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìwó Road sókè ketekete, ó wá yíjú sí ìyá rẹ̀ láti wò ó bóyá ó gbọ́. Ìyá náà ló wá bá mi fúnra rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú àbúrò ọmọ náà lọ́wọ́.

Lọ́sẹ̀ yìí, béèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ, béèrè ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò, béèrè lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ UI tí wọ́n ń wá ra oògùn lọ́wọ́ rẹ, kí o sì lọ rí ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó sún mọ́ ọjà. Ilé ìwé ìjọba ní ìgbìmọ̀ SBMC, níbi tí òbí àti ará àdúgbò ti ń jókòó, wọ́n sì máa ń mọ ẹni tó ti ń kọ́ ọmọ lẹ́yìn ìwé. Bí o bá rí ẹgbẹ́ kan, bi wọ́n léèrè ọmọ mélòó ló ń wá, mélòó ló ti mọ̀ ọ́n kà, ta ló ń mójú tó olùkọ́. Ẹgbẹ́ tó bá ní fọ́tò púpọ̀ tí kò ní ìdáhùn, wá òmíràn. Mú bébà àyẹ̀wò rẹ dání, mú pẹ́ńsù gbígbẹ́ tó pọ̀ díẹ̀ àti réésà. Bí ìyá ọmọ kan bá kọ̀ fún ọ, má ṣe rojọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ra ata lọ́wọ́ rẹ̀, bèèrè orúkọ ọmọ rẹ̀, kí o sì padà wá kí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ní aago kan náà.